Ẹrù Mẹ́ta: Ká Dì Í Pọ̀ Ni, tàbí Ká Rù Ú Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀?

Nínú ojú ewé ìdílé ti ọ̀tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ owó ni a fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó oúnjẹ, kì í sì í ṣe owó ilé-ìwé. Owó mẹ́ta kan wà tí àwọn bàbá ńlá wa kò san rí, tí ó sì ń jáde lápò wa lóṣooṣù báyìí. Àwọn náà ni owó tẹlifóònù, owó tẹlifíṣọ̀n, àti owó íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè tí ó wà níwájú ọ̀pọ̀ ìdílé nìyí: ṣé kí a gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí a máa san owó kan lóṣù? Tàbí kí a gba ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù? Àwọn tí ń tajà yìí a máa wá sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé aláwọ̀ mèremère. Wọn a ní, "Ìyá, ẹ ṣáà fọwọ́ sí i níbí, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀." Kí a tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a jókòó, kí a tú ẹrù náà wò.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní Benin níbí, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà wọlé. Àwọn àgbà yóò rántí OPT, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó lẹ́tà àti tẹlifóònù pọ̀. Ní ọdún 2004 ni wọ́n pín in sí méjì: La Poste di ọ̀tọ̀, Bénin Télécoms di ọ̀tọ̀. Tẹlifíṣọ̀n ní tirẹ̀ dé ní ọdún 1978, láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà wá, kò bá okùn tẹlifóònù tan rárá. Íntánẹ́ẹ̀tì ló dé kẹ́yìn, ní ọdún 1995, nígbà tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ń sọ èdè Faransé wá ṣe ìpàdé wọn ní Kútọnu.

Kí ló wá mú kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè di ẹyọ kan? Ìdí rẹ̀ ni pé ohùn ènìyàn, àwòrán àti ìwé kíkọ, gbogbo wọn ti di nọ́ńbà lójú ẹ̀rọ. Bí ohùn bá wọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sọ ọ́ di nọ́ńbà. Bí àwòrán bá wọ inú rẹ̀, òun náà á di nọ́ńbà. Okùn tí ó bá lè gbé nọ́ńbà, ó lè gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Faransé wà lára àwọn ibi tí ọ̀nà yìí ti tètè gbajúmọ̀. Ní ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Free gbé àpótí kan jáde tí wọ́n pè ní Freebox. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ gbé. Nígbà tí ó di ọdún 2003, wọ́n fi tẹlifóònù àti tẹlifíṣọ̀n kún un. Owó rẹ̀ lóṣù jẹ́ yúrò 29,99. Nítorí pé yúrò kan jẹ́ fráǹkì CFA 655,957, iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fráǹkì 19.700 lọ́wọ́ tiwa. Àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù rí i, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Paris tàbí ní Lyon mọ àpótí náà dáadáa. "Box" ni wọ́n ń pè é.

Nísinsìnyí ó ti dé ẹnu ọ̀nà tiwa. Ní Lomé, Canalbox ti ń ta íntánẹ́ẹ̀tì orí okùn fibre láti ọdún 2018. Ní Benin, Celtiis bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022, ó bá MTN àti Moov lọ́jà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Starlink náà dé, tí àwo rẹ̀ ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú ọ̀run. Canal+ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwo tirẹ̀ lórí òrùlé. Ọjà ti kún. Ẹni tí kò bá sì mọ ohun tí ó fẹ́ rà, ohun tí wọ́n fẹ́ tà ni yóò rà.

Ohun rere tí ń bẹ nínú dídì pọ̀

Àwọn àgbà ní, àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ohun tí ó bá rìn pọ̀ ní agbára. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, àǹfààní mẹ́rin ni a rí níbẹ̀.

Èkíní, owó kan ni a óò máa san, ní ọjọ́ kan. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ kò ní máa gbàgbé èyí, kí ó máa rántí tọ̀hún.

Èkejì, bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹnìkan ṣoṣo ni a óò pè. Ó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ pé àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n á máa dúró gbọnin-gbọnin. Onítẹlifíṣọ̀n á ní íntánẹ́ẹ̀tì ni kò lágbára. Oníntánẹ́ẹ̀tì á ní àpótí tẹlifíṣọ̀n ni ó ti gbó. Báyìí ni wọ́n á máa ti ẹ̀bi síra wọn, onílé á sì wà láàárín. Níbi tí gbogbo rẹ̀ bá ti jẹ́ ti ẹnìkan, kò sí ẹni tí yóò rí ẹlòmíràn tì í sí.

Ẹ̀kẹta, lọ́pọ̀ ìgbà owó àpapọ̀ a máa kéré sí owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a bá rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Okùn kan náà ni ilé-iṣẹ́ fà wọ ilé yín, òṣìṣẹ́ kan náà ni ó rán wá. Bí ó bá ti fà á tán, ohun tí ó kù láti fi kún un kò ná an ní púpọ̀. Ó tún mọ̀ pé ẹni tí ó bá gba mẹ́ta lọ́wọ́ òun kò ní tètè lọ.

Ẹ̀kẹrin, ó dára fún àwọn òbí tí wọ́n ti dàgbà. Bí ìyá bá ń dá gbé ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń sanwó fún un láti Kútọnu tàbí láti òkè òkun, ìwé owó kan rọrùn fún àwọn ọmọ láti pín láàárín ara wọn. Ìyá kò sì ní máa wá ẹni tí yóò bá òun ka ìwé mẹ́ta.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí

Ṣùgbọ́n ẹrù tí a dì pọ̀, ẹni tí ó dì í nìkan ló mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ. Iye tí a fẹ́ lò yìí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan. A kàn fẹ́ kí ẹ rí ọ̀nà tí a fi ń ṣe é ni.

Ká ní ilé kan ń san fráǹkì 15.000 lóṣù fún íntánẹ́ẹ̀tì, 10.000 fún tẹlifíṣọ̀n, àti 5.000 fún tẹlifóònù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 30.000. Ẹnìkan wá, ó ní òun yóò fún wọn ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 25.000. Ta ni kò ní yọ̀? Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ìwé náà, ní lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ ọ́ pé oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni iye yẹn wà fún. Lẹ́yìn náà yóò di 33.000, àdéhùn náà yóò sì pé oṣù 24.

Ẹ bá wa ṣe é. Oṣù 6 ní 25.000 jẹ́ 150.000. Oṣù 18 tí ó kù ní 33.000 jẹ́ 594.000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 744.000. Ti ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ńkọ́? Oṣù 24 ní 30.000 jẹ́ 720.000. Èyí tí wọ́n pè ní ọ̀pọ̀ ti fi fráǹkì 24.000 wọ́n ju èyí tí wọ́n pè ní ọ̀wọ́n lọ. Owó ìwé àwọn ọmọ nìyẹn, ẹ̀yin òbí.

Kò tán síbẹ̀. Ilé tí ó ń ra tẹlifíṣọ̀n lọ́tọ̀ lè dá a dúró nígbà tí owó bá há. Bí ó bá dá a dúró fún oṣù mẹ́ta lọ́dún, bóyá ní oṣù kẹsàn-án tí ilé-ìwé ń wọlé àti ní àkókò tí àwọn ọmọ ń múra ìdánwò, yóò fi 30.000 pamọ́ lọ́dún kan, 60.000 ní ọdún méjì. Owó tirẹ̀ á wá sọ̀ sí 660.000. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti ẹni tí ó gba ẹrù dídì di 84.000.

Ẹ má rò pé a fẹ́ fi èyí pa ẹrù dídì ní ìpakúpa. Bí ó bá jẹ́ pé iye àpapọ̀ náà jẹ́ 27.000 tí kò sì yí padà fún oṣù 24, yóò jẹ́ 648.000. Òun ló wá kéré jù nínú gbogbo wọn. Ohun tí a ń wí ni pé iye oṣù àkọ́kọ́ kì í ṣe iye ọjà. Iye gbogbo oṣù tí ẹ fọwọ́ sí ni iye ọjà.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a kíyè sí ni ohun tí a kò lò. Nínú ọ̀pọ̀ àpótí ní Faransé, tẹlifóònù orí tábìlì wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í gbé, nítorí pé olúkúlùkù ní ti apò rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fún yín ní ìkànnì tẹlifíṣọ̀n igba, ẹ bi ara yín léèrè pé mélòó ni ẹ ń wò. Nínú ilé mìíràn, bọ́ọ̀lù ni baálé ń wò, fíìmù ni ìyá ń wò, àwọn ọmọ kò tilẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀ mọ́. Orí tẹlifóònù ni wọ́n ń wo tiwọn. Irú ilé bẹ́ẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì tí ó dára ni ó nílò, kì í ṣe ìkànnì púpọ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Èyí tí ó wúwo jù lọ nínú ọ̀rọ̀ wa nìyí. Bí ohun gbogbo bá gba ojú okùn kan wọlé, ọjọ́ tí okùn náà bá já, ohun gbogbo já pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024. Lọ́jọ́ náà, okùn mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ ní ìtòsí Abidjan: SAT-3, ACE, WACS àti MainOne. Àwọn okùn wọ̀nyí ni wọ́n ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí ọ̀pọ̀ ìlú ní etí òkun wa. SAT-3 àti ACE wà lára àwọn tí ó dé Benin. Íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ tàbí kí ó máa rìn bí ìgbín, ní Côte d'Ivoire, ní Gánà, ní Benin, ní Nàìjíríà àti ní àwọn ibòmíràn. Wọ́n ní láti fi ọkọ̀ ojú omi lọ wá ojú ibi tí okùn ti já, kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n so ó. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ó gbà.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nínú ilé. Tẹlifíṣọ̀n tí ń gba àwo orí òrùlé kò gba abẹ́ òkun kọjá. Ojú ọ̀run ni àwòrán rẹ̀ ti ń wá. Ìpè láti Àjàṣẹ́ sí Pọ́bẹ̀ kò ní ohun tí ó ń wá dé Abidjan. Ṣùgbọ́n ilé tí ó bá ti fi tẹlifíṣọ̀n àti tẹlifóònù rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lè ká gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn àgbà kúkú ti wí i pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà méjì, bí odò bá kún bo ọ̀kan, yóò gba èkejì.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná náà wà níbẹ̀. Tẹlifóònù àtijọ́ tí ó ní okùn bàbà, inú okùn náà ni iná tirẹ̀ ti ń wá láti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Bí iná bá lọ ní àdúgbò, ó ṣì ń dún. Okùn fibre kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé, kì í gbé iná mànàmáná. Àpótí tí ó wà nínú ilé ni ó nílò iná. Ní Faransé, Orange ti ń pa okùn bàbà wọ̀nyẹn díẹ̀díẹ̀, ọdún 2030 sì ni wọ́n fi ṣe òpin iṣẹ́ náà. Nítorí náà, bí iná bá lọ ní òru, tí ara ọmọ sì gbóná, tí ó ń gbọ̀n, tẹlifóònù tí a so mọ́ àpótí yóò dákẹ́ bí òkúta. Èyí tí ó wà nínú apò, tí bátìrì rẹ̀ kún, òun ni a óò fi pe nọ́ọ̀sì tàbí onímọ́tò.

A bẹ̀ yín, ohun yòówù tí ẹ bá yàn, ẹ jẹ́ kí tẹlifóònù alágbèéká kan wà nínú ilé tí kò gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ni àpótí yín. Ẹ fi owó díẹ̀ sórí rẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ kú. Èyí kì í ṣe àṣejù.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ orúkọ

Nọ́ńbà tẹlifóònù ti kúrò ní ohun ìpè lásán. Òun ni owó Mobile Money wà lórí rẹ̀. Òun ni ilé-ìwé àwọn ọmọ fi ń wá wa. Òun ni àwọn oníbàárà ìyá tí ń tajà fi mọ̀ ọ́n, òun náà ni olórí èsúsú kọ sínú ìwé. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà Benin kúrò ní mẹ́jọ, ó di mẹ́wàá, a sì fi 01 ṣíwájú rẹ̀. Ìyẹn rọrùn, nítorí gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tí a fi kún un. Ṣùgbọ́n bí ilé kan bá ṣòfò nọ́ńbà tirẹ̀ nítorí pé ó kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, ta ni yóò lọ kéde fún gbogbo oníbàárà?

Fún ìdí èyí, bí wọ́n bá fẹ́ fi tẹlifóònù kún ẹrù náà, ẹ béèrè pé: "Nọ́ńbà wa tí a ti ń lò ńkọ́? Bí a bá fẹ́ lọ lọ́jọ́ iwájú, ṣé yóò bá wa lọ?" Bí wọn kò bá lè dáhùn kedere, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà ìdílé dúró níbi tí ó wà, kí ẹ ra èyí tí ó kù.

Ẹ tún wo orúkọ tí ó wà lórí ìwé. Lọ́pọ̀ ilé, ọmọ tí ó mọ̀wé jù ni ó lọ fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá lọ sí Kútọnu fún iṣẹ́, tàbí tí ó bá fẹ́ ọkọ, àwọn tí ó kù nílé kò ní lè yí nǹkankan padà, wọn kò ní lè dá a dúró. Bí ó bá sì jẹ́ orúkọ baálé nìkan, tí ọlọ́jọ́ bá dé, opó á máa san gbèsè ohun tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tọkọtaya jọ mọ ohun tí ó wà nínú ìwé náà, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbi tí ìwé ìbí àwọn ọmọ wà.

Ti ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ náà ní ìyọnu tirẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ríra lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọgbọ́n nígbà gbogbo. Ó ń fẹ́ ojú tí kò sùn. Ìwé owó mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá gbàgbé ọ̀kan, wọ́n á gé e, bóyá ní alẹ́ ọjọ́ tí ọmọ fẹ́ fi íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀.

Ìyọnu kejì ni pé forfait kéékèèké a máa jẹ owó bí ikán. Ẹni tí ó ń ra ti ọgọ́rùn-ún márùn-ún lónìí, tí ó tún rà á lọ́túnla, kì í mọ̀ pé òun ń náwó. Ilé tí ènìyàn márùn-ún wà, tí olúkúlùkù ń ra forfait tirẹ̀ sórí tẹlifóònù tirẹ̀, bí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ jọ ní òpin oṣù, ó lè ju owó okùn fibre kan tí gbogbo wọn ìbá jọ lò. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ilé wọ́n, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ó ń jáde ní apò kọ̀ọ̀kan.

Bí a óò ṣe yàn

Ẹ jẹ́ kí ìdílé jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ tí wọ́n ti gbọ́njú. Ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ ohun tí ẹ̀yin gbogbo ná sórí tẹlifóònù, tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù mẹ́ta tí ó kọjá, kí ẹ fi mẹ́ta pín in. Iye yẹn ni ẹ óò gbé lọ sí ọjà. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun méje wọ̀nyí lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ tà fún yín:

Èkíní: Èló ni a óò san ní oṣù àkọ́kọ́, èló sì ni ní oṣù ìkẹyìn àdéhùn?

Èkejì: Èló ni owó àpótí, owó àwo, àti owó ẹni tí ó máa wá fi í sí i? Ṣé tiwa ni àpótí náà yóò jẹ́, tàbí a ó dá a padà?

Ẹ̀kẹta: Oṣù mélòó ni àdéhùn náà? Bí a bá fẹ́ kúrò kí ó tó pé, kí ni a óò san? Àwọn ọmọ yín tí ó wà ní Faransé lè sọ fún yín pé òfin ọdún 2008 níbẹ̀ kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ de ènìyàn mọ́lẹ̀ ju oṣù 24 lọ. Ẹ mọ iye tirẹ̀ níbi tí ẹ wà.

Ẹ̀kẹrin: Ṣé a lè yọ ọ̀kan kúrò nínú mẹ́ta, kí owó rẹ̀ sì dín?

Ẹ̀karùn-ún: Ṣé a lè dá a dúró fún oṣù kan láìsan nǹkan?

Ẹ̀kẹfà: Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì náà kò ní òpin, tàbí yóò máa rọra lẹ́yìn tí a bá ti lo ìwọ̀n kan?

Èkeje: Bí ó bá bàjẹ́, ta ni a óò pè, ọjọ́ mélòó ni yóò sì fi dé?

Ohun tí ó bá dáhùn, ẹ ní kí ó fi í hàn yín nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Kí ẹ sì tó sanwó, ẹ lọ bi aládùúgbò tí ó ti ń lò ó. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Okùn tí ó dára ní àárín Kútọnu lè má tí ì dé òpópónà yín, ẹ̀rọ tí ó sì ń sáré ní òwúrọ̀ lè máa wọ́ ní alẹ́ nígbà tí gbogbo ènìyàn bá wà lórí rẹ̀.

Kí ni ìmọ̀ràn wa, ní ìkékúrú? Ilé tí ó wà ní ìgbèríko, tí okùn fibre kò tí ì dé, kò ní ohun tí ó fẹ́ dì pọ̀. Tẹlifóònù alágbèéká pẹ̀lú forfait, àti àwo tẹlifíṣọ̀n tí a ń sanwó fún nígbà tí owó bá wà, ó tó fún un. Ilé tí owó rẹ̀ kì í wọlé déédéé, bí ti àgbẹ̀ tàbí ti oníṣòwò, kí ó rà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó lè fẹsẹ̀ falẹ̀ nígbà tí ọjà bá kú. Ilé tí owó oṣù ń wọlé déédéé, tí ọmọ ilé-ìwé pọ̀ níbẹ̀, tí okùn fibre sì wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ó wo ẹrù dídì dáadáa. Bí iye rẹ̀ kò bá gòkè láàárín àdéhùn, ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ fún un. Òbí àgbà tí àwọn ọmọ ń sanwó fún, ẹ jẹ́ kí ó rọrùn fún wọn: ìwé kan, àti tẹlifóònù kan lápò tí ó dá dúró.

Bí owó bá sì há ju gbogbo èyí lọ ńkọ́? Ẹ má tijú láti yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò. Ẹ jẹ́ kí tẹlifóònù ṣáájú, nítorí òun ni a fi ń pe ènìyàn lọ́jọ́ ìṣòro. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e, nítorí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àti òwò. Kí tẹlifíṣọ̀n wá kẹ́yìn. Ilé tí kò wo bọ́ọ̀lù fún oṣù méjì kò tí ì ṣubú, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n lé wálé nítorí owó ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìwé aláwọ̀ mèremère náà yóò ṣì wà lọ́la, ẹni tí ó mú un wá yóò sì tún padà wá. Ẹ ní kí ó fún yín ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kà á, ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ jọ sọ ọ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ó dìgbà mìíràn o. Kí ilé yín tù yín lára.